Ìwé Télọ̀ Júù àti Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Kọ

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá máa ń wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi ní Ṣakí, wọn a ní, "Bàbá, ṣé kí n lọ ṣe tíṣà?" Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé iṣẹ́ iyì ni, pé àwọn tí mo kọ́ ti di dókítà àti lọ́yà, pé wọ́n ń dá mọ́tò dúró kí mi lójú títì. Òótọ́ ni, wọ́n ń dá mọ́tò dúró. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú, ohun tó sì máa ń wá sí mi lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi pẹ́ńsù kọ sínú ìwé kan. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ ṣì fẹ́ ṣe tíṣà, ẹ lọ ṣe é, n kò ní dá yín dúró.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn rárá. Mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n fún mi ní lẹ́tà, mo jókòó sórí àpò ọkà lẹ́yìn lọ́rí, ó di ìlú Ìràwọ̀. Owó oṣù kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Ọlátúnjí ni hẹdimásítà wa. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, kì í rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò kákí rẹ̀ le gbagidi bíi pátákó, ó sì máa ń rìn láìdún débi pé o kò ní mọ̀ pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi lọ fún un, gbogbo ọjọ́ Ajé ló sì ń dá a padà pẹ̀lú yíǹkì pupa bí ẹni pa adìẹ lé e lórí. Mo kórìíra rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì yé mi nígbà náà.

Òfin méjì ló fi lé mi lọ́wọ́. Èkíní ni pé n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan sílẹ̀ lójú pátákó láìkọ Yorùbá rẹ̀ sí orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó tó túmọ̀ sí aládùúgbò, mo sì ń bá tèmi lọ. Ohùn rẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà wá.

"Tíṣà, kí nìyẹn?"

"Aládùúgbò ni, sà."

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìwọ nìkan? Kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá lè fi èdè ìyá ọmọ yìí sọ, o kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan."

Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, ó ní kí n jókòó kí n fi pẹ́ńsù kọ Yorùbá sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ tó le nínú ìwé kíkà kíláàsì karùn-ún. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí n tó parí. Láti ọjọ́ náà ni pẹ́ńsù ti di ara mi. Ìwé kì í dé ọwọ́ mi kí n má kọ nǹkan sí orí ìlà rẹ̀.

Òfin kejì le ju ìyẹn lọ. Ọmọdébìnrin kan tọ́ka sí àṣìṣe mi lójú pátákó, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "O ṣeun, mo ṣì í kọ ni." Ọ̀gá Ọlátúnjí pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Tíṣà tó bá gbà fún ọmọ lójú kíláàsì, ó ti gbé ṣọ́ọ̀kì fún un nìyẹn. Bí o bá ṣì í, dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kí o tún un ṣe bí ẹni pé ìwọ fúnra rẹ lo rántí." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo pa òfin yẹn mọ́ ju bí mo ti pa èkíní mọ́ lọ. Ẹ rántí òfin méjèèjì yìí, nítorí àwọn ni wọ́n jọ ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Mo tún lọ kàwé, mo gba ìwé ẹ̀rí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì gbé mi wá sí ilé-ìwé gírámà kan níbí ní Ṣakí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀. Nígbà tó yá ni ìjọba sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Áà! Àwọn ọmọ ya wọlé bí eéṣú. Kíláàsì tó jẹ́ ti ọmọ márùndínlógójì gba àádọ́rin, àwọn kan ń jókòó sórí bíríkì, àwọn kan ń gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ojú fèrèsé. Olùkọ́ kò tó, ni wọ́n bá ń gba àwọn tó wá láti Gánà.

Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fún ní ilé tó fara ti tèmi nínú àwọn ilé olùkọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Tíṣà Gánà ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ kó tó dé, nítorí pé àárín àwọn ará wa tó ń ṣòwò ní Kùmásí ló dàgbà sí. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í kí mi: "Bàbá Fẹ́mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn?" Bí ìyàwó mi bá ń dá iná, tí ìṣáná tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí. Ọmọ wa Fẹ́mi, orí itan rẹ̀ ló ti kọ́ ìlọ́po méjì.

Nípa ìwé náà. Òyìnbó obìnrin kan tó kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ ṣáájú mi ti fi páálí ìwé kan sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Nínú èyí tó kù ni mo ti rí ìwé ìtàn kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ọjọ́ Sátidé kan, n kò jẹun ọ̀sán.

Télọ̀ kan wà nílùú kékeré kan ní Yúróòpù, Júù ni. Bàbá rẹ̀ ló rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìdajì ìlú náà, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì rán ti àwọn tó ṣáájú wọn. Ìjọba kan gorí oyè, wọ́n ní kí Júù má jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta gbangba mọ́. Ó yá, wọ́n ní kí ọmọ Júù má lọ sílé-ìwé mọ́. Ó tún yá, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lẹ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n gé bí ìràwọ̀ mọ́ àyà, kí wọ́n lè dá wọn mọ̀. Télọ̀ yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ti Lía ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó rán an mọ́ ọn lẹ́wù, ó sì ṣe etí rẹ̀ dáadáa kó má baà tú, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ ránkuràn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó wọn lọ sí ojú irin, obìnrin ilé kejì, tó máa ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ wọn, wò wọ́n láti inú ilé, ó sì pa fèrèsé dé. Wọn kò padà wá mọ́.

Mo ní n óò kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìwé yìí. Ìwé kan ṣoṣo ni, èmi ni n óò máa kà á sókè, kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ ìtàn gidi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún wọn: pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, pé nígbà ogun àgbáyé kejì tí àwọn bàbá wọn kan lọ jà ní ilẹ̀ Bọ́mà ni, pé wọ́n pa mílíọ̀nù mẹ́fà nínú àwọn Júù, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọwọ́, kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n ṣe bí kò ṣe nítorí ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọmọ kan béèrè pé, "Sà, ṣé wọ́n tó ará Ṣakí?" Mo ní bí wọ́n bá kó Ṣakí lọ, kí wọ́n kó Ìsẹ́yìn, kí wọ́n kó Kíṣí àti gbogbo Òkè-Ògùn lé e, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo rò pé mo ti rí wọn mú. Àfi bí ọmọ pásítọ̀ kan ṣe nawọ́ sókè. "Sà, ṣé àwọn Júù yìí kọ́ ló kan Jésù mọ́ àgbélébùú? Ẹ̀san ni nígbà náà." Ọmọ mìíràn dìde láti ẹ̀yìn, ọmọ ààfáà: "Òótọ́ ló sọ, sà. Yẹ̀húdí là ń pè wọ́n, èébú ni ládùúgbò wa." Àwọn méjèèjì yìí kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun, títí kan ẹni tó yẹ kó gbálẹ̀ kíláàsì. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n fẹnu kò.

Mo ní, "Jésù fúnra rẹ̀, Júù ni. Màríà ìyá rẹ̀, Júù ni."

"Irọ́ o, sà!"

"Ànábì Mùsá ńkọ́? Ọmọ ìlú ibo ni ẹ rò pé ó jẹ́?"

Kíláàsì dàrú. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pariwo, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé sì yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní kò sí. Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tíṣà wà. Ó yẹ kí n dúró sínú ariwo yẹn. Ó yẹ kí n fi ọjọ́ kan, kí n fi ọ̀sẹ̀ kan tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún wọn, kí n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé irú ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nílùú télọ̀ yẹn náà. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, mo sì bẹ̀rù. Mo lọ sílé, mo mú pẹ́ńsù, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ Júù wà nínú ìwé náà ni mo kọ àtọ̀húnrìnwá sí orí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ sí ẹni tí a kò mọ ibi tó ti wá, pàápàá bí ìjà bá dé. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni mo dá. Láti ọjọ́ kejì, "télọ̀ àtọ̀húnrìnwá" ni mò ń kà sí wọn létí, "àwọn ọmọ àtọ̀húnrìnwá" ni wọ́n lé kúrò nílé-ìwé. Ariwo dáwọ́ dúró. Wọ́n sunkún nítorí Lía. Ọmọ pásítọ̀ sunkún, ọmọ ààfáà sunkún. Inú mi dùn gidigidi. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọmọ kan kò sunkún. Sàlámátù ni orúkọ rẹ̀. Kùmásí ni wọ́n bí i sí. Ó kéré gan-an nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àjèjì máa lọ, bàbá rẹ̀ sì gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti ọmọ mẹ́ta padà sí Ṣakí tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé rí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń pè wọ́n ní àjèjì. Nígbà tí wọ́n délé, a ń pè wọ́n ní ará Gánà. Ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Sà, àwọn tó wà nínú ìwé yìí, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Ibo ni wọ́n ti rìn wá?"

Mo wo ìwé, mo wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òótọ́ ló sọ, pé àwọn tó ń lé Júù kiri gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi sì ti gba ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu wọn mo fi sí ẹnu àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n òfin Ọ̀gá Ọlátúnjí ló kọ́kọ́ dé ọkàn mi. Mo ní, "Ìwọ ló fẹ́ máa kọ́ wa? Bọ́ síwájú, kúnlẹ̀, gbé ọwọ́ rẹ sókè." Ó kúnlẹ̀ títí aago fi lù. N kò sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé èmi ni mo rántí. Ojú tì mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Tíṣà Gánà bá mi níta. Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ọmọ yẹn, ó béèrè ọ̀rọ̀ gidi."

Mo ní, "Ìṣirò ni tiyín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò burú, kí n yá òun ní ìwé náà nígbà tí mo bá kà á tán. Mo yá a. Láàárín àkókò yẹn, mo ti tẹ orí mẹ́ta nínú rẹ̀ sórí sitẹ́ńsù pẹ̀lú àlàyé Yorùbá mi, mo sì fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ yí ẹ̀dà púpọ̀ jáde lára rẹ̀. Yíǹkì rẹ̀ kì í tán lábẹ́ èékánná fún ọ̀sẹ̀ méjì. Olùkọ́ kan láti Àgọ́-Àmọ̀dù gbà lára rẹ̀, òmíràn láti Kíṣí gbà. Ọ̀rọ̀ mi sì ń rìn káàkiri Òkè-Ògùn.

Nígbà ìdánwò, mo bi wọ́n pé: Kí ló yẹ kí obìnrin tó pa fèrèsé dé ṣe? Àwọn kan kọ ojú ìwé méjì: kó mú àdá, kó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó gbàdúrà. Ìlà kan ni Sàlámátù kọ. "Kí ó jáde, kí ó sì pè wọ́n lórúkọ." Mo fún un ní máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: Ìdáhùn rẹ kúrú jù.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà ọyẹ́, rédíò sọ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fi ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ kíákíá. Ètè gbogbo wa ti bó, eruku pupa wà lórí gbogbo nǹkan. Lọ́rí kún fún ènìyàn lójú títì, wọ́n di ẹrù wọn sínú àwọn báàgì ńlá onílà wọ̀nyẹn. Rédíò ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan àwọn tíṣà ìjọba. Tíṣà Gánà sọ fún mi láti òdìkejì ògiri pé òun ò ní lọ, pé àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìdánwò lọ́dún yẹn, òun ò lè já wọn jù sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ orin níta. Mo ṣí fèrèsé díẹ̀. Nǹkan bí ogún ọmọkùnrin ilé-ìwé wa ló dúró níwájú ilé rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ kan sí ara ìlẹ̀kùn rẹ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà. Àtọ̀húnrìnwá. Wọ́n fi àmì sórí rẹ̀, wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀, kò ṣẹ́ku kan. Àwọn ọmọ tí wọn kì í fi àmì kankan sí Yorùbá bí mo bá fi ẹgba dúró tì wọ́n! Láti orí sitẹ́ńsù mi ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọmọ pásítọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ààfáà wà níbẹ̀.

Sàlámátù ti dé pẹ̀lú garawa omi. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó sì ń fi nu ìlẹ̀kùn náà. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe òun náà bẹ́ẹ̀. Ó yíjú, ó rí mi lójú fèrèsé.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́ tiyín."

Wọ́n á gbọ́ tèmi lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí di òní. Wọ́n bẹ̀rù mi, bí mo bá wúkọ́ lásán wọn a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni n óò sọ? N óò ní láti dúró lójú gbogbo wọn kí n sọ pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ yín, mo ṣì í kọ́ yín ni. Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Mo tún dá a padà. Mo sì na ọwọ́, mo pa fèrèsé dé.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó gbé omi iwẹ̀ Fẹ́mi dání. Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn obìnrin kan fún wa?" Òun ló jáde lọ lé àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n sì sá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọrin tẹ́rùn.

Tíṣà Gánà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe ìjọba ló lé e. Mo gbọ́ nígbà tó ń gbé àpótí rẹ̀ jáde, mo gbọ́ nígbà tó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, n kò sì ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo jáde, ìwé télọ̀ náà wà lórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà mi, ó fi bébà wé e. Mo ṣí i. Ó ti fi rọ́bà pa gbogbo àtọ̀húnrìnwá tí mo kọ rẹ́, láti ojú ewé kìíní dé òpin, kò fo ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ nìyẹn. Ó ti ń ṣe é tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ pẹ́ńsù jù. Bí o bá gbé ìwé náà sí oòrùn, àpá ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú bébà.

Mo wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú èrò pé n óò sọ̀rọ̀. Mo kọ Júù sójú pátákó. Wọ́n ń wò mí. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé gírámà. Ọmọ mọ́kànlá ló fìdí rẹmi nínú ìṣirò lọ́dún náà, Sàlámátù sì wà lára wọn, nítorí a kò rí tíṣà mìíràn títí wọ́n fi ṣèdánwò. Ó tún un ṣe lọ́dún kejì.

Mi ò tún kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé náà mọ́. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, mo kọ́ wọn ní ohun tó bá wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ sitẹ́ńsù bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Pátákó dúdú di funfun, ṣọ́ọ̀kì di kálámù oníyíǹkì tó ń rùn. Àwọn ọmọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kàwé sí wọn létí mọ́, wọ́n ń ra ìwé pẹlẹbẹ tó ní ìbéèrè àti ìdáhùn. Wọ́n ṣe ayẹyẹ fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní aago ògiri. Wọ́n ní n kò ṣàṣìṣe rí.

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá lábẹ́ máńgòrò, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìgbà tó kúnlẹ̀ yẹn ni mo dá a mọ̀. Sàlámátù ni, ó ti di Ìyá Kàfáyá, lítíréṣọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Ìwé télọ̀ náà ló wá tọrọ. Mo ní kí wọ́n lọ bá mi gbé e wá nínú ilé. Ó ṣí i, ó gbé e sí oòrùn, ó sì fi ìka tọ àpá ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní, "Kí lo máa pè wọ́n fún àwọn ọmọ?"

"Júù, sà. Yẹ̀húdí náà ni n óò pè wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ jà, a ó jọ wà nínú ìjà náà."

Mo mi orí. Ó wá bi mí bóyá mo kọ̀wé sí i rí lẹ́yìn tó lọ. Mi ò béèrè ta ni. Mo sọ òótọ́ fún un: mo kọ lẹ́tà kan, ó gùn, mo tọrọ àforíjì nínú rẹ̀. Mo fi í sínú àpòòwé, mo mú bírò láti kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì kọ "Tíṣà Gánà." Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo ń wo ohun tí mo kọ. Ọdún mẹ́rin la fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì ọ́fíìsì, n kò wò ó rí. Mi ò béèrè rí. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpótí mi.

Sàlámátù nu ojú rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ti kú, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ó ní àwọn jọ ń kọ̀wé síra àwọn títí di ìparí, kò sì sí lẹ́tà kan tí kì í béèrè mi nínú rẹ̀. Mo ní, "Ó ń béèrè Bàbá Fẹ́mi?"

"Rárá, sà. Orúkọ yín ní kíkún ló máa ń kọ. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àmì orí."

Mo wá ní kó sọ orúkọ ọkùnrin náà fún mi.

"Yàw Àmpọ́nsà," ó ní.

Mo pè é. Mo pè é bí a ti ń pe orúkọ tí a kò fi ẹnu kàn rí, ó lọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn ọmọ kéékèèké ti péjọ, wọ́n ń wo àgbàlagbà tó ń sunkún.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà," ni akẹ́kọ̀ọ́ mi wí, lójú gbogbo wọn. "Ẹ ṣì í pè. Ẹ tún un pè."

Mo ní, "O ṣeun, mo ṣì í pè ni." Mo sì tún un pè.